Ṣé O Mọ̀? Ọta Méjì, Àgbọ̀nrín Kan, àti Igbó Lọ́kọ́ja

Ṣé o mọ̀ pé ọta méjì kan wà tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti ń tìtorí wọn jiyàn láti ọdún 1952, tí ọdẹ Lọ́kọ́ja kò sì gbọdọ̀ kó ọ̀kankan nínú wọn sápò? Ọ̀kan ń jẹ́ .30-06, èkejì ń jẹ́ .308 Winchester. Èwo ló ń lọ jìnnà jù? Èwo ló ń gbá ni léjìká jù? Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ti parí ìjà náà láti 1959. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà pín ìbọn sí. Ìbọn ogun wà nínú ọ̀wọ́ kìíní, òfin sì dárúkọ ìwọ̀n ẹnu wọn: 7.62 mìlímítà, 9 mìlímítà àti .300 íǹṣì. Ìwọ̀n tí ọta méjèèjì yìí bọ́ sí gan-an nìyẹn, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló sì lè buwọ́ lu ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìbọn oníkátíríìjì tí kì í ki ara rẹ̀, àti ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n ẹnu wọn yàtọ̀ sí ti ogun, wà nínú ọ̀wọ́ kejì. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló ni àṣẹ tiwọn. Ṣakabùlà ló gbẹ̀yìn.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún ló wà nínú orúkọ .30-06? Ní 1906 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Nígbà tí .308 máa dé, ìbejì rẹ̀ ni 7.62×51 tí NATO gbà ní 1954, òun náà sì ni ráífù FN àti G3 tí ọmọ ogun Nàìjíríà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún ń jẹ. Idẹ tí wọ́n rọ ẹ̀tù sí gùn ní mìlímítà 63 fún ẹ̀gbọ́n, 51 fún àbúrò. Fún méjèèjì ní òjé tó wọ̀n tó gíráàmù 10 kí wọ́n gbé: ti ẹ̀gbọ́n á jáde lẹ́nu ìbọn bíi mítà 890 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti àbúrò á ṣe bíi 860. Mítà 30 péré ni wọ́n fi ń bára wọn fa ẹ̀wù ya láti bí àádọ́rin ọdún. Èmi kò tíì rí ẹran tó máa dìde wá sọ èyí tó pa òun nínú méjèèjì.

Ẹran tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà pàápàá, ìyẹn deer ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣé o mọ̀ pé kò sí nínú igbó wa? Akọ ẹran ọ̀hún máa ń já ìwo rẹ̀ dànù lọ́dọọdún kó tó hu òmíràn. Àgbọ̀nrín tiwa kì í já ìwo títí tó fi máa kú. Ó sún mọ́ màlúù àti ewúrẹ́ ju ẹran Amẹ́ríkà yẹn lọ. Ní gbogbo Áfíríkà, Àlgéríà àti Tùnísíà nìkan ni ìran ẹran yẹn ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Àgbọ̀nrín wa kéré sí i dáadáa, ẹtu sì tún kéré débi pé ọdẹ kan á dá a gbé kọ́ èjìká lọ sílé. Ṣùgbọ́n má fojú kékeré wo akọ àgbọ̀nrín tí ọta bà tí kò kú: yóò yíjú padà, yóò sì fi ìwo lé ẹni tó yìnbọn fún un. Etí igbó àti ipadò tí koríko ti dí ló fẹ́ràn. Nítorí náà, ní ẹ̀yìn òkè Patti tàbí lápá Agbaja lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, ìbọn tó ń lọ ní ẹgbẹ̀ta mítà kò wúlò fún ẹni tí kò lè rí ju ogójì mítà níwájú rẹ̀.

Ibi tí ọdẹ tiwa ti ní láti yan ìwọ̀n ọta inú kátíríìjì wá dé wàyí: SSG ni àbí BB? Ìwọ̀n òjé kan náà ni, gíráàmù 28. Bí wọ́n bá fi dá SSG, yóò di ọta bíi 15. Bí ó bá jẹ́ AAA, bíi 35. BB á tó 70, nọ́ńbà 4 á sì tó 170. SSG tó bà á níhà ibi tó yẹ á gbé àgbọ̀nrín ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n yìn ín sí ọ̀yà tó ń sá kọjá, àlàfo àárín ọta 15 yẹn tó kí ọ̀yà gbabẹ̀ lọ sílé. BB á mú ọ̀yà. Bí o bá fi BB lé àgbọ̀nrín, ọta á há sábẹ́ awọ, ẹran á sá lọ kú sí ibi tí igún nìkan máa rí i. Ìwà burúkú nìyẹn lójú mi, ẹran tí kò dé ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì lè dákẹ́ ìjiyàn: kó ki SSG sí ọ̀kan, kó ki BB sí èkejì, kó wá dúró wo ẹran tó máa jáde. Ìbọn oníkátíríìjì tí wọ́n ń pè ní “12” ńkọ́? Bí o bá rọ òjé páùn kan sí ọmọ róbótó 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló máa ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu ìbọn náà. Ìdí nìyẹn tí ìbọn 20 fi kéré sí 12.

Ṣé o mọ̀ pé Brussels ni wọ́n ti pinnu irú ìbọn tí ọdẹ Lọ́kọ́ja máa gbé? Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àtàwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Wọ́n wá fa ìlà méjì sórí àwòrán ayé, ọ̀kan ní dígírì 20 níhà àríwá, ọ̀kan ní 22 níhà gúúsù. Láàárín ìlà méjèèjì, ráífù àti kátíríìjì kò gbọdọ̀ wọlé fáwọn onílẹ̀. Ìbọn olókùúta-iná tí inú ẹnu rẹ̀ dán àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n lè tà fún wọn. Dígírì 8 ni Lọ́kọ́ja fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, inú ìlà méjèèjì gan-an. Àmọ́ ìwé náà yọ ọmọ ogun ìjọba sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1897, Lọ́kọ́ja kan náà yìí ni àwọn sójà ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company tí Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kó jọ ti gbéra pẹ̀lú ráífù Snider àti ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim, wọ́n gba Kabba lọ bá Bídà, olú ìlú Núpé, Bídà sì ṣubú ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Àwọn ará Ókun tí ogun Núpé ti ń kó lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún kò nídìí láti sunkún. Ṣùgbọ́n ọdẹ wọn náà kò rí Snider gbà, ṣakabùlà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, òun náà ló sì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ títí dòní.

Wo bí wọ́n ṣe ń ki í. Ọdẹ á da ẹ̀tù láti inú àdó sí ẹnu ìbọn, á fi ihá dí i, á fi ọ̀pá irin gún un títí yóò fi le. Ọta á tẹ̀ lé e, ìyẹn òjé tàbí irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé, ihá díẹ̀ á tún bò ó kó má baà dà sílẹ̀ bí ó bá dorí ìbọn kodò. Nínú ẹ̀tù dúdú yẹn, ìdá 75 nínú 100 jẹ́ iyọ̀ saltpetre, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Bí òjò bá kàn án, ọdẹ di arìnrìn-àjò lásán. Bí ó bá bù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Ó gbọ́dọ̀ ti yan ẹran tó ń lọ pa kó tó kúrò nílé, nítorí ọta tó ti ki náà ló máa yìn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Scotland kan, W. D. M. Bell, pa erin tó ju 1,000 lọ ní Áfíríkà, tó sì jẹ́ pé ọta kékeré 7 mìlímítà ló fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn? Ó la orí erin, ó wo ibi tí ọpọlọ wà. (Ẹni tó bá dán an wò lọ́dọ̀ wa lónìí, ẹ̀wọ̀n ló ń wá.)

Ṣé o mọ̀ pé ohùn ìbọn kì í yá tó ọta ráífù? Mítà bíi 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹran tí .30-06 bà ní ọgọ́rùn-ún mítà ti gba ọta kó tó gbọ́ ìró.

Èyí tó kẹ́yìn kan àwa tí a kì í ṣọdẹ, àwa tí ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà ra ẹran ìgbẹ́. Òjé májèlé ni, pàápàá fún ọmọdé àti aláboyún, kò sì sí sísè tó lè mú un kúrò. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2019, California ti fòfin de ọta olójé fún gbogbo ìṣọdẹ. Títí irú rẹ̀ máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, kí o tó gbé ẹran kaná, wá ibi tí ọta gbà wọlé, gé gbogbo ẹran tó pọ́n dúdú yí i ká dànù. SSG rọrùn láti kà. BB, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni.