Táyà Tó Gba Ipò Kìn-ín-ní Lókè Òkun: Ṣé Ó Lè Gbé Yín Dé Ìbàdàn?

Ẹsẹ̀ mọ́tò ni táyà. Bí mọ́tò dára bí egbin, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti rà, yẹ̀yẹ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tó kó owó gọbọi lé rédíò ọkọ̀ lẹ máa rí tó ń ná táyà títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Ẹ dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ ó gbọ́ ìpolówó. "Ọ̀gá mi, all-season rèé o! Táyà òjò, táyà ẹ̀ẹ̀rùn! Eléyìí ló gba ipò kìn-ín-ní ní Jámánì!" Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà ta ni wọ́n ń pè ní ìgbà gbogbo? Tiwa kò ju òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Mẹ́rin ni tàwọn òyìnbó, yìnyín sì wà nínú ẹ̀.

PÁPÁ YÀTỌ̀ SÍ TÍTÌ

Ní pápá ìdánwò, wọ́n á da omi sílẹ̀, ọkọ̀ á sáré wọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ bíréèkì, wọ́n á wọn ibi tó dúró sí. Wọ́n á tún fi eré yí kọ́nà léraléra. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí oòrùn sì mú, táyà eléré tí wọ́n ṣe fún ooru nìkan máa ń di ọ̀dà mú ju all-season lọ. Ìdí ni pé wọ́n po rọ́bà all-season kó má baà le gan-an nínú òtútù, wọ́n sì la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè gán yìnyín. Bí eré bá pọ̀ lórí kọ́nà, ojú wẹ́wẹ́ yẹn á máa mì, á gbóná, á sì máa jẹ.

Lójú títì, ọ̀rọ̀ yí padà. Táyà eléré tó borí ní pápá a máa tètè jẹ. All-season a máa pẹ́ jù ú lọ, kì í sì í pariwo tó o.

Táyà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń ní TREADWEAR lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí yóò ṣe pẹ́ sí lèyí. Ní Texas, ojú títì gan-an ni wọ́n ti ń dán an wò, nǹkan bí kìlómítà 11,500. Èyí tó gba 400 pẹ́ ní ìlọ́po méjì èyí tó gba 200. TRACTION ni bó ṣe ń dúró lórí omi: AA ló ga jù, lẹ́yìn náà A, B àti C. Àmọ́ ìdúró lójú ọ̀nà tààrà nìkan nìyẹn o, kò sọ nǹkan kan nípa kọ́nà.

KÍ LÓ Ń BẸ́ TÁYÀ?

Lẹ́tà tó kẹ́yìn nọ́ńbà ìwọ̀n táyà ń sọ eré tó lè gbà. S jẹ́ kìlómítà 180 ní wákàtí kan, T jẹ́ 190, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Òfin wa sì sọ pé 100 ni kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni má kọjá lójú ọ̀nà márosẹ̀, 90 sì ni ti takisí àti bọ́ọ̀sì. Kí ló wá ń bẹ́ táyà H?

Ooru ni! Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, títí á fi gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá di èrò àti ẹrù lé e lórí. Ẹni tó ṣe lẹ́tà náà ti kà á sí pé afẹ́fẹ́ pé, ẹrù kò sì pọ̀ jù.

ỌJỌ́ ÌBÍ TÁYÀ

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ dúró n'Ìkẹjà ní 2008. Látìgbà náà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà wa ti ń wá, tókùnbọ̀ sì pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀ lé DOT. Bó bá jẹ́ 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni àjọ SON fún táyà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Fọganáísà lè fi nǹkan dúdú pa á lára kó máa dán. Nọ́ńbà yẹn kò ní yí padà.

Ẹ tún wo àwòrán òkè tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìgbà òtútù pọ́ńbélé, rọ́bà rẹ̀ á rọ̀ jù fún oòrùn wa.

Táyà tuntun ló gba ipò kìn-ín-ní ní Jámánì, kì í ṣe èyí tí òyìnbó ti fi rìn ọdún mẹ́fà kó tó jù ú nù. Bówó yín ò bá tó táyà olórúkọ ńlá, ẹ ra tuntun olórúkọ kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ bá mọ́tò yín mu. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ̀mí kò ní tókùnbọ̀ o.