Ìṣẹ́tí Okùn Ìyè nínú Kòkòrò Àrùn Màlúù

Àwa tí ń gbé ẹkùn Ìlaró àti Ayétòrò mọ àwọn Fúlàní darandaran. Ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ìhà gúúsù Sàhárà, màlúù tí eṣinṣin tsetse bá bù jẹ lè rù títí yóò fi kú. Nagana ni orúkọ àìsàn náà. Kòkòrò mẹ́ta pàtàkì ni ó ń fà á. Trypanosoma brucei kọ́ ni ó burú jù fún màlúù nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ̀ wò jùlọ, nítorí náà òun ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Nínú kòkòrò yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ara wa pẹ̀lú, àwọn okùn tín-ín-rín wà tí a kọ àbùdá rẹ̀ sí. Kírómósómù ni a ń pè wọ́n. DNA ni a fi ṣe wọ́n. Aṣọ tí a kò bá ṣẹ́ etí rẹ̀, òwú rẹ̀ yóò máa tú. Ìṣẹ́tí àwọn okùn yìí ni lẹ́tà mẹ́fà, TTAGGG, tí a kọ léraléra. Ó sì yà wá lẹ́nu pé ọ̀kan náà ni ti ènìyàn àti ti kòkòrò yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín sí méjì, ìṣẹ́tí a máa kúrú. Telomerase ni í tún un ṣe: pùrótéènì tí ó gbé RNA dání bí ìwé àwòkọ, tí ó sì ń kọ lẹ́tà mẹ́fà náà láti inú rẹ̀. Carol Greider àti Elizabeth Blackburn ni wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà ní 1984. Àwọn àti Jack Szostak ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

Àwọn olùṣọ́ mìíràn wà. Pùrótéènì TRF di ìṣẹ́tí mú, RAP1 sì so mọ́ ọn. Láti ara ìṣẹ́tí kan náà ni a ti ń da RNA tí ń jẹ́ TERRA kọ. Bí ó bá pọ̀ jù, a lẹ̀ mọ́ DNA, okùn a sì lè já. TRF àti RAP1 ni kò jẹ́ kí ó pọ̀ jù.

Kí ni èyí kan màlúù sí? Kòkòrò náà wọ ẹ̀wù pùrótéènì, ẹ̀bá ìṣẹ́tí sì ni àkọsílẹ̀ ẹ̀wù tí ó ń lò wà. Àkọsílẹ̀ ẹ̀wù rẹ̀ lé ní 2,000, bí ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ jẹ́ àlàpà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni í wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ara màlúù tó gbógun ti ẹ̀wù kan tán, àwọn kan nínú kòkòrò náà ti pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni kò fi tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àìsàn yìí. RAP1 ni ó pa àwọn ẹ̀wù yòókù mọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé mú un kúrò, ọ̀pọ̀ ẹ̀wù yọ síta pọ̀, kòkòrò náà kò sì lè bí sí i mọ́. Apá RAP1 tí ó ń di RNA mú kò sì sí lára RAP1 ti ènìyàn. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń wá oògùn ń wò nísinsìnyí.