Àtẹ́lẹwọ́ ń tan àwọn bàbá ọlọ́kadà wa jẹ

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá débi táwọn ọlọ́kadà ń tò sí ní Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù, tàbí ní Ẹ̀pẹ́ nítòsí ọjà ẹja Olúwo, ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nínú wọn dáadáa. Ẹ ó rí ẹni tó ń na ìka lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ẹ ó rí ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, tí àtàńpàkò rẹ̀ ò fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn wọ́n jẹ.

Mo máa ń gun ọ̀kadà dáadáa lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtóìkín, títí wọ Ẹ̀pẹ́, torí ibẹ̀ niṣẹ́ ń gbé mi gbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò le: ìrora ọwọ́ àwọn bàbá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó lásán, kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹ̀mí ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn wà níbẹ̀. Ẹni yẹn sì ni èmi pẹ̀lú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí ọ̀kadà fi ṣì wà lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6: Ẹtì-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi 4 kún un: Kòsọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin. Ìkòròdú ò sí níbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ náà ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ abúlé kan láti Ìmọ̀tà tàbí Àgbówà, ọ̀kadà ló yá jù. Níbòmíì, òun nìkan lẹ máa rí.

Ọwọ́ méjèèjì sì ni wọ́n fi ń gun ọ̀kadà. Ọwọ́ òsì ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó yí jíà. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí ibi tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná, òun náà ló tún ń fún bíréèkì iwájú. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, àbí níbi tí kòtò bá pọ̀ sí, bàbá lè fún kílọ́ọ̀ṣì nígbà àìmọye kó tó gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Tí oríkèé bá wá ń ro, kí ni bàbá máa ṣe? Á fi bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, á gbójú lé ti ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí ọ̀kadà bá fẹ́ dúró, ńṣe ni ìwúwo rẹ̀ máa ń rọ́ lọ síwájú, táyà iwájú ló sì máa ń di ilẹ̀ mú jù. Ẹni tó bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan, á pẹ́ kó tó dúró, táyà ẹ̀yìn á sì máa yọ̀, pàápàá lórí yanrìn àti ilẹ̀ pupa. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọ̀kadà tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń lọ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mítà 11 ju dánfó méjì tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn lọ. Tí ìka bàbá bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ kó tó tẹ̀, ibi tẹ́ ẹ máa bá ara yín nìyẹn.

Orúkọ kan náà la fi ń pe gbogbo ìrora oríkèé, làkúrègbé tàbí aromọ́léegun, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí táwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Láàárín egungun méjì tó pàdé, ohun kan wà tó rọ̀, tó sì ń yọ̀, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Tí ìyẹn bá ń jẹ tán, oríkèé á le, á wú, á máa ro. Ìdí àtàńpàkò àti oríkèé tó wà lẹ́bàá èékánná ló fẹ́ràn jù lọ́wọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 528 ènìyàn ló ní in lágbàáyé lọ́dún 2019, bẹ́ẹ̀ ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti lé lọ́dún 55. Torí náà, kí bàbá yéé rò pé aráyé ló ń ṣe òun.

Òmíì wà tó ń jẹ́ rheumatoid arthritis, níbi tí ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ti ń gbógun ti oríkèé. Òwúrọ̀ lẹ fi lè mọ ìyàtọ̀. Tí ọwọ́ bá le láàárọ̀, tó sì tú ká kó tó pé ìṣẹ́jú 30, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àkọ́kọ́. Tó bá ń le ju wákàtí kan lọ, tí ọwọ́ méjèèjì ń wú, tó ń rẹ ènìyàn ṣáá, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ìyẹn lè ba oríkèé jẹ́ pátápátá, oògùn tó sì lè dá a dúró wà, dókítà ló máa kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé àtàńpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ló ń kú lóru, iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ló ṣeé ṣe kó há.

Gbígbọ̀n ọ̀kadà náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 1918, Dókítà Alice Hamilton lọ ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń fi irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n gbẹ́ òkúta nílùú Bedford, ní ìpínlẹ̀ Indiana l'Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ìka wọn ń funfun, ó sì ń kú. Lọ́dún 2002, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin lórí bí gbígbọ̀n tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ mọ lójúmọ́. Bàbá tó wà lórí Bajaj láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ta ló bá a wọn tiẹ̀?

Bàbá kan wà tó máa ń gbé mi ní Ìtóìkín. Wọ́n sọ fún mi pé lásìkò ọyẹ́, inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ki ọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó lè di ọ̀kadà mú. Ìyẹn dáa. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni ohun tó wà nínú àpò ẹ̀wù wọn: oògùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, funfun méjì, pupa kan, kápúsù kan. Kò sórúkọ lára ẹ̀, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹni tó ń kiri oògùn ní gáréèjì ló dì í fún wọn. Wọ́n ní táwọn bá ti gbé e mì, ó di alẹ́ kí ọwọ́ tó tún ro.

Ẹ̀yin ará, oògùn bíi diclofenac àti ibuprofen, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ń da méjèèjì pọ̀ lójoojúmọ́ ń fi inú àti kíndìnrín rẹ̀ ṣeré: ó lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Prednisolone àti dexamethasone máa ń mú ara yá wàrà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pẹ́ lára láìsí dókítà níbẹ̀, ojú á wú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, egungun á rọ. Tramadol ńkọ́? Ó ń múni tòògbé, ó sì ń di bárakú. Ṣé ẹni tó ń tòògbé lẹ fẹ́ kó gbé yín kọjá níwájú tírélà?

Kí wá ni ṣíṣe? Lọ́dún 2018, EULAR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àìsàn oríkèé ní Yúróòpù, kọ ìlànà jáde lórí irú aromọ́léegun ọwọ́ tó wọ́pọ̀ yìí. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ aláìsàn bó ṣe máa lo ọwọ́ rẹ̀, kó sì máa fi ìka ṣeré ìdárayá. Tó bá kan oògùn, èyí tí wọ́n ń fi pa ojú ibi tó ń ro ni kó ṣáájú èyí tí wọ́n ń gbé mì. Tó bá jẹ́ ìdí àtàńpàkò ló ń ro, ohun tí wọ́n ń wọ̀ sọ́wọ́ láti di àtàńpàkò mú wà, àmọ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Kí bàbá rí i pé òun sọ fún dókítà pé ọ̀kadà lòun ń gùn, kí nǹkan náà má baà dí i lọ́wọ́ láti fún bíréèkì. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì wà ní Yábàá, láti ọdún 1945 tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́.

Mẹkáníìkì náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbẹ máa ń le bí òkúta. Kí wọ́n fi ọ́ìlì sí i, tó bá ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kí wọ́n fa irin bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì súnmọ́ ìka, kí bàbá má baà máa nawọ́ jìnnà. Kí wọ́n fi rọ́bà tó nípọn díẹ̀ wé ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Kí wọ́n yẹ táyà àti ṣọ́kì wò. Kí bàbá náà wọ ìbọ̀wọ́ láàárọ̀, kó má fún ọ̀kadà lọ́rùn bí ẹni ń bá a jà, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀ na ọwọ́ láàárín iṣẹ́. Kó tó gbé èrò àkọ́kọ́, kó fún bíréèkì iwájú àti kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Tí ọwọ́ bá kọ̀, kó dúró ná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, kí ni bàbá arúgbó ń wá lórí ọ̀kadà, kó lọ sinmi nílé. Ta ló máa bọ́ ọ? Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní ká sanwó fún òṣìṣẹ́ tó kó àìsàn nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí agbanisíṣẹ́ gbà ló wà fún. Ọlọ́kadà tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà. Ẹni tó ti pé ọdún 55 nígbà yẹn, èló ló fẹ́ tù jọ? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn bàbá yìí ní ibùdókọ̀. Ó yẹ kí díẹ̀ nínú owó yẹn gbé nọ́ọ̀sì kan wá bá wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó yẹ ọwọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò níbi tí wọ́n ń tò sí. Kò tíì pọ̀ jù láti béèrè.

Títí dìgbà náà, iṣẹ́ díẹ̀ wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè ṣe. Ètò adójútòfò Ìlera Èkó gba ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin NHIA tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2022 sì ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀yin lẹ mọ fóònù tẹ̀. Ẹ bá bàbá yín, tàbí bàbá tó máa ń gbé yín lójoojúmọ́, forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣiṣẹ́ dispatch, ẹ tètè máa tọ́jú ọwọ́ tiyín náà.

Tẹ́ ẹ bá sì gun ọ̀kadà lọ́la, ẹ yéé pariwo "bàbá, ẹ fún un níná, mo ti pẹ́". Ẹ sọ pé, "Ẹ rọra o, bàbá, kò sí ìkánjú." A kì í sanwó fún ìyẹn.