Bí ẹni tó gbé two-two jáde ṣe lè gba dìgírì kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ

Ní Itamaga, lágbègbè Ikorodu, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò ní láti rìn jìnnà. Bó bá gba ọ̀nà Itoikin, yóò dé Epe, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà. Bó bá sì yà sápá ọ̀nà Ṣágámù, yóò bá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LASPOTECH tẹ́lẹ̀, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ di yunifásítì lọ́dún 2022, tó wá ń jẹ́ LASUSTECH. Kì í ṣe ìyàlẹ́nu, nígbà náà, bí èèyàn bá ń pàdé àwọn ọ̀dọ́ tó jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ládùúgbò yìí. Ohun tó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èsì tí wọ́n gbé jáde. Two-two ni tàwọn kan, Third Class ni tàwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ dìgírì kejì ló wà lọ́kàn wọn, ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n ń wò.

Àwọn ajẹ́ǹtì tó ń báni wá ìwé ìgbaniwọlé mọ ìdààmú yìí dáadáa. Àwọn kan nínú wọn yóò sọ fún òbí pé kò sí ohun tí owó kò lè ṣe. Nínú ilé, ẹ̀gbọ́n á ní kí àbúrò òun gbàgbé ìwé kó lọ wá iṣẹ́ ṣe, ìyá á ní ilẹ̀ kan ṣì wà tí àwọn lè tà. Ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kí gbogbo wọn kọ́kọ́ gbọ́: nọ́ńbà kan náà kò túmọ̀ sí ohun kan náà lórí tábìlì gbogbo yunifásítì. Ibi tí ìwé ń lọ ló ń sọ bóyá máàkì kéré tàbí kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa, orí 5.0 ni wọ́n ti ń ṣírò CGPA, ìyẹn àpapọ̀ èsì akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún tó wọlé títí di ọdún tó jáde. Ẹni tó ní 4.50 sókè ló wà ní First Class. Láti 3.50 dé 4.49 ni Second Class Upper, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní two-one. Two-two, ìyẹn Second Class Lower, bẹ̀rẹ̀ láti 2.40, ó sì parí sí 3.49. Third Class ni 1.50 sí 2.39. Ẹ kíyè sí bí two-two ti gbòòrò tó. Ẹni tó ní 2.45 àti ẹni tó ní 3.45 ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí fún èkejì lè má ṣí fún èkíní rárá. Ẹni tó bá ń béèrè ìmọ̀ràn gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò ọdún kìn-ín-ní àti ìkejì ló sì máa ń ba èsì ọ̀pọ̀ jẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, tún wà níbẹ̀. Ti ọdún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ló fi ọdún mẹ́fà tàbí méje ka ìwé ọdún márùn-ún. A kò sọ èyí láti fi ṣe àwáwí fún ẹni tí kò kàwé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ ìwé wò lókè òkun kò mọ̀ ọ́n àyàfi bí ẹnìkan bá sọ fún wọn.

Ní Amẹ́ríkà, orí 4.0 ni wọ́n ti ń ṣírò, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì fi 3.0 ṣe ààlà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ fi 4 sọ CGPA rẹ̀ di púpọ̀, kó fi 5 pín in, kó rí i pé 3.0 òun ti di 2.4, kó sì káwọ́ lérí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí àjèjì wò, bíi World Education Services tí a mọ̀ sí WES, kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, torí wọ́n mọ̀ pé 70 tó ń jẹ́ A lọ́dọ̀ wa yàtọ̀ sí 70 tiwọn. Nọ́ńbà tó ń jáde níkẹyìn kì í sábà bá ti ìsọdipúpọ̀ yẹn mu. Ohun mìíràn ni pé àwọn yunifásítì kan kì í wo gbogbo ọdún bákan náà. Ní University of Texas tó wà ní Austin, àwọn kọ́ọ̀sì ìpele òkè, ìyẹn ti ọdún méjì tó gbẹ̀yìn dìgírì wọn, ni wọ́n ń wò fún 3.0 tí wọ́n ń béèrè. Ọmọ tí ìṣirò ọdún kìn-ín-ní dà láàmú, àmọ́ tó gba A àti B nígbà tó wọ ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, ní ohun tó lè sọ níbẹ̀. Ìdánwò GRE náà ń kọ́? Láti ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tó pọn dandan. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á, ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré lè yàn láti ṣe é, torí apá ìṣirò rẹ̀, tí òpin rẹ̀ jẹ́ 170, lè jẹ́rìí sí i pé ohun tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nígbà kan ti yé e báyìí.

Jámánì ni nọ́ńbà ti le jù. Lọ́dọ̀ wọn, 1.0 ni èsì tó dára jù, 4.0 sì ni èyí tó kéré jù tí èèyàn fi lè yege. Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń yí máàkì àjèjì padà, orúkọ ìpínlẹ̀ Bavaria ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹ yọ CGPA yín kúrò nínú máàkì tó ga jù. Ẹ fi 3 sọ ohun tó kù di púpọ̀. Ẹ wá fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù tí èèyàn fi lè yege pín in, kí ẹ sì fi 1 kún un. Ká sọ pé 3.0 nínú 5.0 ni ọmọ wa ní. Bí wọ́n bá gba 1.0 gẹ́gẹ́ bí máàkì tó kéré jù ní yunifásítì tó ti jáde, 2.5 ni yóò jẹ́ ní Jámánì. Bó bá jẹ́ 1.5 ni wọ́n gbà, ó ti di 2.7. Bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀ka tó fa ààlà wọn sí 2.5 kò kéré. Ẹ ò wá rí i pé ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé máàkì lórí transcript, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà rárá, lè gbé ọmọ wọlé tàbí kó tì í síta!

Ẹni tó ń wo Jámánì gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí kó tó san kọ́bọ̀ fún ajẹ́ǹtì kankan. Iléeṣẹ́ uni-assist, tó ń bá ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn yẹ ìwé wò, ń gba yúrò 75 lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ àti 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, owó náà kì í sì í padà nítorí pé wọn kò gba èèyàn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ti ń gba yúrò 1,500 ní sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2017 lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti ilé gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì kí físà tó jáde. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, yúrò 11,904 ni wọ́n sọ ọ́ di fún ọdún kan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀kùn ti fẹ̀ jù fún two-two. Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń béèrè two-one ó kéré tán, àmọ́ Cranfield, tí kò kéré nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń gba Second Class. Owó ni ìdènà níbẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 pẹ̀lú, ẹni tó ń lọ ka dìgírì kejì oníkíláàsì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í béèrè transcript rárá. University of Colorado Boulder ń kọ́ dìgírì kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nípasẹ̀ Coursera. Wọn kò béèrè CGPA. Ohun tí wọ́n ní kí èèyàn ṣe ni pé kó ka àwọn kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ kan, kó sì ní 3.0 nínú 4.0 níbẹ̀, bó bá ti ṣe é, ó ti wọlé nìyẹn. Dọ́là ni wọ́n fi ń san án, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Síbẹ̀, a kò mọ ilẹ̀kùn mìíràn tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Níbi yòówù kí ìwé ń lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Ikorodu àti Epe kò mọ ohun tí wọ́n ní lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibùdó iná mànàmáná Egbin, tó ní ẹ̀rọ mẹ́fà tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, ń bẹ ní agbègbè Ikorodu. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá wà ní Odogunyan. Iléeṣẹ́ tó ń fọ ìrẹsì ní Imota bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ibeju-Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024. Ẹni tó fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ẹ̀rọ báyìí ló bàjẹ́, ohun báyìí ni mo rí, báyìí ni mo ṣe tún un ṣe, ti ní lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ọmọ two-one kò lè kọ. Kó jẹ́ ọ̀gá tó rí iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un. Ti ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n rí kì í wúlò. Nípa máàkì tó kéré, ìlà mẹ́ta tó fún àlàyé. Kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sọ ọdún tí nǹkan yí padà, kó sì kọjá sórí iṣẹ́. Ẹkún kò sí nínú lẹ́tà ìbéèrè.

Ẹni tó ní Third Class àti ẹni tó ní HND, ilé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, two-two lè bá èèyàn wọ dìgírì kejì, ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ gba PGD, kó tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fojú kéré PGD bí ẹni pé ìyà ni. Lójú tiwa, òun ló mọ́gbọ́n wá jù fún ẹni tó wà ní Itamaga tí ẹbí rẹ̀ kò ní mílíọ̀nù láti fi ṣòfò. Kó lọ béèrè ní Epe àti ní UNILAG, Akoka, nípa ẹ̀ka tó ṣí àti máàkì tí ẹ̀ka náà ń fẹ́. Ìdí mìíràn tún wà. Chevening ń fẹ́ èsì tó dọ́gba pẹ̀lú two-one lọ́pọ̀ ìgbà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth náà ń béèrè two-one, àmọ́ ó gba two-two bí dìgírì kejì tó bá iṣẹ́ náà mu bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí fi hàn pé dìgírì kejì tí ọmọ gbà nílé lè ṣí ilẹ̀kùn tí two-two nìkan kò lè kàn.

Ti ayédèrú ńkọ́? Àwọn kan ń tà á, àwọn kan sì ń rà á. Àwọn yunifásítì òkèèrè sábà máa ń fẹ́ kí transcript wá tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ tó fún èèyàn ní dìgírì, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fi ayédèrú ìwé béèrè físà lè fi ọdún mẹ́wàá wo ọkọ̀ òfúrufú lókèèrè. Òfin Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n lè tì í síta títí láé. Ẹni tó ní 2.6 lónìí lè wá PGD tàbí iṣẹ́ ní Egbin. Ẹni tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníjìbìtì kò rí ibi kankan yà sí.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ń ti ilẹ̀kùn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ní Jámánì, 15 oṣù Keje ni gbèdéke tó wọ́pọ̀ fún sáà òtútù, ti àwọn ẹ̀ka mìíràn sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Transcript ló máa ń fa ìdádúró jù, nítorí náà, ẹni tó ń gbèrò ọdún tó ń bọ̀ yẹ kó ti béèrè fún un báyìí, kó sì gba ẹ̀dà kan fún ara rẹ̀, kó lè fi ṣe ìṣirò Bavaria yẹn kó tó yan yunifásítì.