Ṣé o mọ̀? Bàálù tó ń balẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé

Kìlómítà 2.7 péré ni pápákọ̀ òfuurufú Westray sí ti Papa Westray, ní àríwá Skọ́tíláǹdì, bàálù sì sábà máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì débẹ̀. Kò sí ìrìn-àjò bàálù elérò, nínú àwọn tó ní àkókò pàtó, tó kúrú tó o láyé. Erékùṣù ni méjèèjì, òkun ló là wọ́n láàárín. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: olùkọ́ àti dókítà ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọdún 1967 ni Loganair ti ń fi bàálù kéékèèké ná ọ̀nà yìí. Bí atẹ́gùn bá wá ń tì í lẹ́yìn, ó tún máa ń yá sí i. Èyí tó tíì yá jù lọ gba ìṣẹ́jú-àáyá 53.