Inú Rere sí Ẹlẹgbẹ́ Yín Tí Omi Lé Kúrò Nílé

Ọ̀rọ̀ inú rere ni a fẹ́ bá yín sọ. Ní Lọ́kọ́ja níbí, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, a mọ ìgbà tí a máa ń dán inú rere akẹ́kọ̀ọ́ wò: ìgbà tí omi bá yalé ni.

Ní ọdún 2012, òjò ńlá àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù mú kí odò kún kọjá bèbè rẹ̀. Ìjọba kéde pé ènìyàn 363 ni ó kú jákèjádò Nàìjíríà, tí àwọn tí ó fi ilé wọn sílẹ̀ sì ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní 2022, omi tún dé. Ilé rì ní Adankolo àti ní Ganaja, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di ará àgọ́.

Ẹ wá wo ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá ṣí padà. Omi ti gbé ìwé rẹ̀ lọ. Aṣọ ẹlòmíràn ni ó wọ̀, ó sì tóbi jù ú lọ. Àwọn àgbà lè pín ìrẹsì àti gàrí fún un ní àgọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè fún un ní ojú tí yóò fi wọ kíláàsì. Ọwọ́ yín ni ìyẹn wà. Bí ẹnìkan bá pè é ní "ọmọ omi", tí gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín, orúkọ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ náà. Omi a máa fà. Orúkọ ẹ̀sín kì í tètè fà.

Ẹ óò ní ẹ̀yin kọ́ ni ẹ sọ ọ́, pé ẹ kàn rẹ́rìn-ín lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rín kì í dé ọjọ́ kejì.

Ẹni-mímọ́ Dominic Savio, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15 nígbà tí ó kú ní 1857, wà ní ilé-ìwé ní Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bú ìdílé ara wọn, tí wọ́n sì fẹ́ fi òkúta jà. John Bosco Mímọ́, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ pé Dominic dúró láàárín wọn pẹ̀lú àgbélébùú lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ òkúta lu òun. Kò sí ẹni tí ó sọ òkúta mọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò le ni Dominic. Kì í ṣe agbára ni ó fi là wọ́n.

Ẹ pín iṣẹ́ láàárín ara yín: kí ẹnìkan da ìwé ìṣirò kọ fún ẹni tí omi lé, kí ẹlòmíràn da ti bàólójì kọ. Ẹ má ṣe é níwájú gbogbo kíláàsì. Àánú tí a fi ń ṣe fọ́ọ́rí a máa dunni bí èébú. Ẹ jókòó tì í. (Àwọn òbí kan a máa kìlọ̀ fún ọmọ wọn nítorí iná orí àti kúrúnà. Àwọn ni a ó bá wí ní ọjọ́ mìíràn.) Bí kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé wọn tí ó rì, ẹ má bi í. Ẹ pè é kí ó wá bá yín gbá bọ́ọ̀lù.