Ìbú Ọ̀nà àti Àkókò Àlọ-Àbọ̀: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò nígbà tí a bá ń sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́: a ó ní ó ń yára, tàbí kò yára. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dà pọ̀, àti láti dábàá orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti Adó-Èkìtì. Bí ọ̀dọ́ kan ní Àjílósùn bá so ẹ̀rọ géèmù bíi PlayStation mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù, fíìmù lè máa wọlé geere, síbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tí òun àti ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn jọ ń gbá lórí ẹ̀rọ máa dúró gbagidi. Òbí rẹ̀ yóò rò pé dátà ni kò tó, yóò sì ra òmíràn. Owó yóò lọ, ìṣòro náà kò ní lọ.

‘Ìbú ọ̀nà’ ni a dábàá fún ìwọ̀n ìsọfúnni tí ó lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíìmù nílò rẹ̀ púpọ̀; bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. ‘Àkókò àlọ-àbọ̀’ ni a dábàá fún àkókò tí ó gbà kí iṣẹ́ tí a rán tó dé ibi tí à ń rán an, kí èsì rẹ̀ sì padà. Ẹni tí ó ń ta ayò mọ̀ ọ́n: bí ó ti wù kí ọpọ́n fẹ̀ tó, bí ẹnìkejì bá ń pẹ́ kí ó tó ta, eré kò lè dùn.

Okùn abẹ́ òkun MainOne, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó. Ìmọ́lẹ̀ inú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ tí ó ń darí eré bá wà ní Yúróòpù, àlọ àti àbọ̀ lórí okùn náà nìkan yóò gba nǹkan bí ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dátà rírà kò lè dín in kù. Ní Adó fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń pín òpó kan lò. Òkè àpáta sì lè sọ àmì rẹ̀ di aláìlágbára, kí ó di dandan láti tún iṣẹ́ kan náà rán. Nítorí náà ni àkókò yìí ṣe ń gùn, tí ó tún ń kúrú. Èyí ni a pè ní ‘ségesège àlọ-àbọ̀’.

Ẹnìkan lè ní ‘ìfalẹ̀’ ti tó. Ṣùgbọ́n àbùkù ni ìfalẹ̀; ohun tí a lè wọ̀n, tí a sì lè sọ pé ó gùn tàbí ó kúrú, ni à ń wá orúkọ fún.

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kí ẹ dán gbólóhùn yìí wò: ‘Ìbú ọ̀nà yìí tó, ṣùgbọ́n àkókò àlọ-àbọ̀ rẹ̀ gùn.’ Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè sọ ọ́, yóò mọ ohun tí owó lè tún ṣe àti ohun tí kò lè tún ṣe.